Iná Tó Wà Lápá Ẹ̀gbọ́n Yín

                                        Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Eyínmẹ́nugún,

Ìyàwó ọmọ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì ti bí obìnrin, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Ọmọ náà sanra, igbe rẹ̀ sì le. Àbígbẹ̀yìn mi ti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní kóòtù pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń yan búrẹ́dì yẹn. Wọn kò yí ọjọ́ padà, èmi náà ni mo sì sọ pé kí wọ́n má yí i. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà náà ti gbéyàwó. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń kà wọ́n bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Báwo ni ẹsẹ̀ yín? Ṣé wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Aládùúgbò yín tó ń bá yín pọnmi ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ní tèmi, mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Ara mi kàn dà bí apá tí ènìyàn fi orí lé sùn ni. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òwe kì í tán lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, n kò tíì rí ọ̀kan pa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti bi mí lórí fóònù pé ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín nígbà tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn pé ó sùn ni, kò sì jí. Ẹsẹ̀ yín ni kò jẹ́ kí ẹ lè wá sin ín, mo sì fi ìyẹn yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí n kò lè fi ẹnu sọ ọ́.

Ẹ rántí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, èyí tí àkọ́bí mi bí, tí ẹ̀gbọ́n yín sọ ní Oníkóòtù nítorí kóòtù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní yàrá ìwádìí. Ohun tó fẹ́ fi gba oyè ni ohun kékeré kan tó ń ṣọ́ ṣúgà inú ara àwọn alátọ̀gbẹ, tí kò sì nílò bátìrì. Kó lè yé mi, ó ní kí n jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lẹ́nu títí, kí n má gbé e mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ní ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà, àti pé oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣúgà gan-an ló ń fọ́, bó bá sì ti ń fọ́ ọ, iná díẹ̀ ń jáde. Èyí ni wọ́n fi kun irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọ́n fún un ní ìkejì tó ń gba iná náà, wọ́n sì lẹ méjèèjì mọ́ pílásítà tó ń wà lápá, tí ẹnu rẹ̀ kan omi abẹ́ awọ. Bí ṣúgà bá tó, iná aláwọ̀ ewé kan á mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Bó bá dín, iná náà á rẹlẹ̀. Ohun tó ń wọ̀n náà ló ń jẹ.

Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò tó ń gún ìka rẹ̀ ti jẹ́ kí ìka náà yigbì, kò mọ irin wẹ́wẹ́ inú aago lábẹ́ rẹ̀ mọ́, aago títúnṣe sì niṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ní, “Ọmọ mẹ́fà ni mo bọ́, mo rò pé mo ti ṣíwọ́. N kò mọ̀ pé n óò tún máa bọ́ gílóòbù.” Ó sọ ọ́ ní Alájẹkì. Oníkóòtù kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi gígún ìka sílẹ̀, pé ìdánwò ṣì ni. A fi sílẹ̀.

Alájẹkì kò lè rántí ohunkóhun fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n fún mi ní ìwé kí n máa kọ aago tí mo wò ó àti bí iná rẹ̀ ṣe rí. Èmi tó jẹ́ pé títẹ̀ka ni mo ń tẹ̀ka ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn! Mo rán aṣọ bo ẹ̀yìn ìwé náà. Tíṣà kà á sókè ní kíláàsì.

Ẹ́ńsáìmù kì í pẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, iná ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ láti àárọ̀. Mo kígbe pe Oníkóòtù, ó sáré dé, ó gún ìka bàbá rẹ̀ àgbà, ṣúgà pé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Nǹkan náà ló ń gbó, kì í ṣe Bàbá àgbà.” Ó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ìkejì tún gbó ní ọjọ́ kẹrin. Nígbà tí ti ìkẹta bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sí fóònù, ẹ̀gbọ́n yín ní, “Má da ọmọ náà láàmú mọ́, ìyá oníwèé. Ọjọ́ kẹrin lónìí, àbí ìwọ náà ò lè kà ni?” A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrin ti ìkẹrin bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ó ti gún ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, láàárọ̀. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ parí aago kan kí ẹni tó ni ín tó dé. Ní aago méjì, iná mọ́lẹ̀ dáadáa, mo kọ ọ́. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn. Nígbà tó fi máa di aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná ti rẹlẹ̀. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù, kò sí iná mọ́. Mo kọ ọ́ pé: Iná ti lọ, ọjọ́ kẹrin ni. Mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ki ìwé bọ àpò, mo lọ sí kíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ni wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́fà ni mo padà. Ara rẹ̀ ti tutù.

Dókítà ní ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Olórí àwọn Oníkóòtù wá mú pílásítà náà lọ. Ẹ́ńsáìmù orí rẹ̀ ti gbó nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbà pé ó ti gbó kí ṣúgà tó lọ sílẹ̀, pé kò rí nǹkan kan. Ó béèrè ìwé mi. Mo ní n kò mọ ibi tó wà. Inú àpótí máṣíìnì ìránṣọ mi ló wà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ gbó láti àárọ̀ di alẹ́. Ìkẹrin lọ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ó rí i. Ó sọ fún mi, mo sì fi gègé ara mi kọ ọ́. Bí mo bá gbé ìwé náà sílẹ̀, ọmọ náà á rántí ohun tó sọ fún mi. Bí mo bá pa á mọ́, apá ẹlòmíràn ni wọ́n máa lẹ irú rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì ní kí ìyàwó onítọ̀hún fọkàn balẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Oníkóòtù wá kí mi kó tó lọ fara hàn níwájú àwọn tó máa dán an wò fún oyè náà. Mo gbé ìwé fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó kà á lórí ìdúró, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Ìyá àgbà, níbo lẹ ti rí i?”

“Kò sọnù.”

Ó ṣí i padà sí ti àkọ́kọ́, ti ìkejì, ti ìkẹta, ó tún wo ti ìkẹrin. “Ogójì ìṣẹ́jú,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi ni mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ìwọ lo sọ ọ́. Èmi ni mo lọ sí kíláàsì.”

Ó jókòó sídìí tábìlì aago. Kò sunkún, èmi náà kò sunkún. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá òun lè mú ìwé náà lọ.

Ó ti sún ìdánwò rẹ̀ síwájú. Ó fẹ́ fi iná kejì sórí Alájẹkì, tí ṣúgà tirẹ̀ á wà nínú àpò kékeré tí wọ́n ti dí pa. Bí méjèèjì bá rẹlẹ̀, nǹkan náà ló gbó. Bó bá jẹ́ iná kan ṣoṣo, ènìyàn ni. Ó lè gba ọdún kan. Olórí wọn ní kó kọ èyí tó ti ṣe sílẹ̀ kó gba oyè rẹ̀ máa lọ. Ọmọ yín kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ni.

Ó ku ọwọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ má pè mí. Mo ti lè kà á fúnra mi. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn ọmọ, kí ẹ sì kí aládùúgbò yín fún ìtọ́jú rẹ̀.

Èmi ni, ìyàwó yín láti ogójì ọdún ó lé mẹ́fà,
Ìyá Oníwèé.

Owó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Yàrá ìwádìí san owó ojoojúmọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín nítorí pé ó wọ nǹkan náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mo sọ fún akọ̀wé wọn pé ọjọ́ tó kẹ́yìn kò pé, ó ní ọjọ́ kan ni àwọn kà á sí. Mo ti ná ti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí ìsìnkú. Ti ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyí, n kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi í rà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni.