Lẹ́tà Méjì Tí Wọ́n Ní Kí N Kọ

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ọmọ yín tó ń dààmú jù náà ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún padà lọ wò ó bóyá ó tì, kí n tó jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ì bá ti máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ dààmú nínú ilé, torí èmi nìkan ti bá gbogbo yín ṣe é tán. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Mo ti dàgbà ju bẹ́ ẹ ṣe dàgbà tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi wá sílẹ̀, àmọ́ ìwà náà ò tíì fi mí sílẹ̀.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣì ń ṣe ní Ayétòrò níbí. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé girama, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀wé lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó. Ẹ máa jókòó sórí àpótí, ẹ máa sọ, mo máa kọ. Tí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ máa ní kí n kà á. Tí mo bá kà á tán, ẹ máa ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé, ẹ sì máa nu ìyókù sí mi létí. Ṣé ẹ rántí? Èmi kì í fọ̀ ọ́ dà nù bọ̀rọ̀.

Ẹ tún rántí lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tá a gbé lọ sílé àwọn àna wa ní Ìdógò. Mo kó ọ̀rọ̀ dídùn jọ síbẹ̀, mo pe ọmọ wọn ní òdòdó, mo pè é ní ìràwọ̀, mo sì gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kà á sétí ẹbí méjèèjì. Ni bàbá ìyàwó bá ká a, ó dá a padà fún yín. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́fà ló wà nílé òun, èwo là ń wí? Mo rò pé ẹ máa lù mí. Orí kẹ̀kẹ́ lẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tá à ń bọ̀, ẹ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn: "Tó ò bá lè kọ orúkọ èèyàn sínú lẹ́tà, má kọ lẹ́tà nípa onítọ̀hún." Látìgbà yẹn, orúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ.

Bàbá, ọ̀rọ̀ Mojí ni mo bá wá. Mojí, àbígbẹ̀yìn mi, tẹ́ ẹ gbé dání lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tẹ́ ò fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí wọ́n tiẹ̀ fún un lọ́mú. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Ó pè mí lóṣù tó kọjá pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó sọ pé obìnrin lẹni tóun fẹ́ fẹ́. Rúùtù lorúkọ rẹ̀.

Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, mo díbọ́n pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá Mojí gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè pé, "Ta ló ń dáná nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Rúùtù ni, Màmá."

"Ó kúkú dáa. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n sè."

Ó gbé fóònù padà fún mi, ó wọ yàrá lọ. Mo mọ̀ pé ó sunkún, torí ó tún ojú bọ́ kó tó jáde.

Ní ìpínlẹ̀ tí Mojí ń gbé, òfin fàyè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti ń bára wọn jiyàn bóyá kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ yẹn padà. Òun àti Rúùtù fẹ́ ṣe é kí àwọn aṣòfin tó dìbò lé e. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ní sí mi. "Bàbá, ẹ ti kọ lẹ́tà ìtọrọ fún gbogbo ọmọ Ayétòrò. Ẹ kọ ọ́ fún èmi náà, sí ìyá Rúùtù."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù. Òfin ilẹ̀ wa níbí le gan-an, ẹ̀wọ̀n ni, ẹni tó bá sì ràn wọ́n lọ́wọ́ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣé wọ́n lè mú àgbàlagbà torí lẹ́tà? Mo ń ro ìyẹn tí mo bá ń jẹun, mo ń rò ó tí mo bá ń wẹ̀.

Inú ìrònú yìí ni mo wà tí Sùnkànmí fi dé. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ni bàbá rẹ̀. Sùnkànmí ń du ipò aṣòfin l'Abẹ́òkúta. Òun àtàwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

"Bàbá Akọ̀wé, lẹ́tà kan ni mo wá bẹ̀ yín kọ o, látọ̀dọ̀ àwọn àgbà Yewa sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tí mò ń bá du ipò yìí, ó fẹ́ kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin ní Ayétòrò níbí."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Hàà, Bàbá, ìbò là ń wá. Ẹ má béèrè ìyẹn."

Ó ní kí n kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe òfin tuntun: òbí tó bá mọ̀ pé ọmọ òun wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì dákẹ́, kí wọ́n mú òun náà. Bàbá, mo gbé ife tíì ọwọ́ mi kalẹ̀.

"Orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ kẹ̀? Kò sórúkọ níbẹ̀. Ẹ ṣáà kọ 'àwọn èèyàn wọ̀nyẹn'."

Ẹ̀yìn yín lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Ìdógò ni mo tún rí. Mo ní ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, kí ó wá ẹlòmíì.

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà lẹ fi pa mí láyò ní Sátidé?"

"Ìwọ Sùnkànmí? Kò dìgbà tọ́wọ́ èèyàn bá dúró kó tó pa ọ́ láyò."

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ó ní òun máa padà wá. 

Àmọ́ bí wọ́n ṣe lọ tán, mo gbé ìwé mi, mo kọ ti Mojí. Orúkọ Rúùtù ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú lẹ́tà náà kí wọ́n má bàa dá a padà. Mo kọ ọ́ pé ọmọ wa ò mọ ọbẹ̀ sè, kí wọ́n bá wa ní sùúrù. Mo mọ̀wé, mo lè buwọ́ lù ú, síbẹ̀ àtàǹpàkò ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí etí ọmọdé kankan nítòsí, mo bá nu ìyókù tàdáwà náà sí etí ara mi.

Ẹ̀rù bà mí láti fi ránṣẹ́ látilé. Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìwòyè-Kétu, ibi tí ààlà ti la ìlú já, tẹ́ ẹ máa ń gbà kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yín. Mo rìn títí mo fi dé apá ọ̀hún tí òfin ilẹ̀ wa ò dé, tí ìkíni Faransé wọlé sórí fóònù mi. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò kan, tí mo fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí Mojí. Mo mọ̀ pé ìwà ojo ni. Ṣé inú ń bí yín? Ṣé ẹ̀yin ì bá bá mi tẹ àtàǹpàkò sí i, Bàbá? Ì bá wù mí kí n mọ̀.

Mi ò tíì kúrò lábẹ́ igi náà tí Mojí fi pè. Ohùn rẹ̀ ò já gaara. Ó ní òun rí i, àmọ́ kí n kà á fóun lẹ́nu ara mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kà á. 

Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
tí tàdáwà ṣì wà létí rẹ̀.