Àgbo Òyìnbó Tí Mummy Fẹ́ Pín

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Peckham

"Flower" ni wọ́n kọ sára ike oògùn ìrora tí dókítà fún Daddy. Ó rọrùn létí ju igbó tí wọ́n ń mu lọ, àmọ́ igbó náà ni. Èmi wá sọ fún Mummy pé àgbo òyìnbó ni.

Ṣùgbọ́n ta ló ń dá àgbo lò nílé wa? Lónìí mo bá Mummy tí wọ́n ń bù ú sínú ọ̀rá fún Aunty Bọ́lá ní flat ìsàlẹ̀, tí orúnkún ń dùn wọ́n.

"Mummy, igbó ni o. Daddy nìkan ni dókítà fún láyè. Ọlọ́pàá lè mú yín."

Wọ́n jókòó. "Daddy ẹ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n wá ń wò mí tí mò ń gbàdúrà lé e lórí lálaalẹ́."

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Lálẹ́ yìí, Mummy ṣì gbé ọwọ́ lé ike náà. Àmọ́ àdúrà náà ò dún síta bíi ti àná.