Oríkì Tí Màmá Fi Pè Mí

Kutonu,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Ẹ̀gbọ́n mi Firmin,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé ara yín le, ṣé àgbàdo Idigny ti ń yọ ọmọ? Kí Ọlọ́run fún yín lókun. Èmi wà láàyè, ó rẹ̀ mí ni. Mo kọ̀wé nítorí pé ẹ kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ ni Màmá ti ń gbàgbé ìkòkò sórí iná: Sidonie ìyàwó yín mọ̀. Wọ́n ṣìnà oko tí wọ́n ti ń lọ láti ogójì ọdún: ẹ̀yin mọ̀. A ya àwòrán ọpọlọ wọn ní oṣù Ẹrẹ́nà, èsì jáde, ẹ fi í sínú Bíbélì. Èmi tí mo gba àyè sílẹ̀ fún wọn níbi ẹ̀rọ ayàwòrán, nígbà tí mo béèrè èsì, ẹ ní, "Kò tíì jáde."

Ní Sátidé tí mo wá sí Idigny, tí mo kúnlẹ̀ kí Màmá láàárọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n pè mí. Oríkì Clémence, àbúrò wa tó kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn! Ẹ ní kí n dákẹ́, pé òkú ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Sidonie ní ẹ ti se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì kí Clémence lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀wà! Bí mo ṣe ṣí Bíbélì yín láti gbàdúrà ni àpòòwé èsì náà já bọ́ sílẹ̀.

Àná, mo mú un lọ bá dókítà ní Kutonu níbí, ó sì là á yé mi. Ọpọlọ Màmá ti súnkì díẹ̀ ju ti ọjọ́ orí wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti dá àpá kéékèèké síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?" Ó ní, "Màdáámù, àwòrán kì í dá ẹjọ́. Ẹ mú èèyàn wá, ẹ má mú bébà wá." Ó fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí pé irú ìgbàgbé kan wà tí apá oògùn ń ká. Àpá yẹn kò ní parẹ́, àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá rọlẹ̀, ó lè má pọ̀ sí i. Oṣù mẹ́ta la ti fi ṣòfò.

Mo bi í nípa àwa ọmọ. Ó ní ewu tiwa lè fi díẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyànmọ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi: ó ga. Ẹ lọ wọn tiyín.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà yín. Ó bà mí náà. Màmá nìkan ló mọ oríkì gbogbo wa délẹ̀.

Mi ò fẹ́ àlàyé mọ́. Séidou onítakisí tó mú lẹ́tà yìí wá yóò padà wá gbé yín. Kí ẹ̀yin àti Màmá dé ọ̀dọ̀ mi kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni dókítà ń retí wa.

Ọlọ́run á sin yín dé. Kò ní jẹ́ kí a pẹ́ jù.

Èmi ni àbúrò yín tí kò bínú tán,
Célestine

Mo tún rántí: Àjìkẹ́ ni oríkì tèmi, bí ẹ̀yin náà bá ti gbàgbé. Bí Màmá bá tún pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣàtúnṣe. Màá jẹ́ ẹ.