Eyín Ìyá Mi Tó Wà Lẹ́nu Mi

                                                  Ojúlé Kọkànlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Iléèwé.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ àtọkànwá mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ tó ń dà wọ́n láàmú ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìtọ́jú ilé, mo sì kí ọ kú àtijọ́, nítorí ó ti pẹ́ gan-an tí ojú ti kan ojú. Àwa náà wà níbí, ara gbogbo wa le, bí a bá yọ ti ẹnu mi kúrò. Bàbá ọmọ mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fa ìwé yìí. O pè mí lórí fóònù, o ní kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tèmi, tí ọmọ rẹ̀ ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀, fi lọ kó wáyà tí wọ́n fi ń to eyín sẹ́nu bí ọmọ iléèwé, àbí ṣe ni mo fẹ́ máa fi ẹnu gbọ́ rédíò. O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. Èmi náà bá ọ rẹ́rìn-ín, mo sì dọ́gbọ́n sọ pé oníbàárà wọlé. Kò sí oníbàárà kankan, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá fẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹkún ni yóò dà. Mo wá ní kí n fara balẹ̀ kọ ọ́, torí ìwọ náà mọ ẹnu ìyá mi dáadáa.

Ìwọ lo sọ mí ní Gorí nígbà tí àwa méjèèjì ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi, nítorí eyín mi òkè lápá ọ̀tún tó gorí èkejì rẹ̀, tó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gba àga oníǹkan. O rántí pé irú rẹ̀ gan-an ló wà lẹ́nu wọn, lápá kan náà. Wọn kì í wá àlùmọ́gàjí tí wọ́n bá fẹ́ já òwú. Wọn á fi òwú há ẹ̀gbẹ́ eyín náà, wọn á yí orí díẹ̀, ó já. Èmi náà kọ́ ọ. Ìwọ gbìyànjú títí, kò já, o ní Ọlọ́run ò fún ọ ní irinṣẹ́. O sì rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín: àtẹ́lẹwọ́ òsì á lọ sórí ẹnu, èjìká nìkan ni yóò máa mì. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀.

O béèrè pé kí ló dé tí wọn ò ṣe é fún mi ní kékeré. Nọ́ọ̀sì kan wá yẹ ẹnu wa wò ní iléèwé lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ eyín tán. Ó ránṣẹ́ pe ìyá mi, ó ní ẹnu mi kéré sí eyín inú rẹ̀, pé wọ́n lè tò ó nígbà tí egungun àgbọ̀n ṣì rọ̀. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, wọn ò sì mú mi lọ síbì kankan. Nígbà náà lọ́hùn-ún, eyín tó bá ń dunni ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ta ni yóò gbé eyín tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ? Ìyá mi ní bí mo bá ṣe ń dàgbà ni ẹnu mi yóò máa fẹ̀, eyín náà á sì wá àyè ara rẹ̀. Wọ́n wá fi ìka kan eyín náà, wọ́n ní, "Èmi rèé." Ìgbà tí mo dàgbà lóòótọ́, iṣẹ́ dé, ọkọ dé, ọmọ dé, gbogbo wọn sì ń ṣáájú ẹnu mi. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń di àgbà pẹ̀lú eyín wa nìyẹn.

Mo fẹ́ dé ibi tí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa báyìí. Nígbà tí rọlápárọlẹ́sẹ̀ mú ìyá mi, ìwọ kò sí nítòsí. Eyín wọn ti bọ́ tán lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú ìgbà náà, títí kan èyí tó gorí èkejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn wọ́, ahọ́n wọn wúwo, ohùn wọn kò lè gòkè, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde ní pẹrẹsẹ, bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ti kọjá lórí rẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí èdè wa máa ń dà bí ohùn bá ti kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n la ojú, wọ́n wo èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àbúrò wọn obìnrin, wọ́n ní kí a tọ́jú nǹkan kan. "Tọ́jú" yẹn yé wa. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ẹyin, ó sáré lọ sí kíṣìnnì, ó se ẹyin, ó bó o wá nínú àwo. Àbúrò wọn gbọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dun ẹ̀gbọ́n àwọn, wọ́n yí wọn padà, wọ́n ń fi òróró wọ́ ọ. Èmi gbọ́ eyín. Mo fi aṣọ tútù nu èrìgì wọn, níbi tí kò ti sí eyín kankan mọ́. Wọ́n jẹ́ kí a ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn. Omi ń jáde lójú wọn, àwa sì ń sọ fún ara wa pé ara ti ń tù wọ́n. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní kí a tọ́jú. A ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ò gbọ́ wọn mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti lọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń tẹ̀ lé mi. Mo lè máa ran ọrùn aṣọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, kí n gbọ́ ọ ní pẹrẹsẹ rẹ̀ yẹn láàárín ariwo ẹ̀rọ, n ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹnu kan ẹyin mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni èrìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ eyín náà. Búrẹ́dì tí mo bá gé jẹ á pupa létí. Nígbà tó yá, eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń mì. Mo lọ rí dókítà eyín, obìnrin kúkurú kan tó máa ń kọrin sínú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu èèyàn. Mo rò pé àwọn ọmọdé ni n ó bá ní yàrá ìdúró, àṣé àgbàlagbà ló kún ibẹ̀. Bàbá kan tó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà sọ pé wọ́n ti yọ eyín ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn tipẹ́, eyín tó kù sì ti ń ya sí àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àwọn ti di oríta tí kò ní ọlọ́pàá. Tíṣà kan ti lo wáyà ní kékeré, àmọ́ ó kọ̀, kò wọ èyí tí wọ́n ní kó máa wọ̀ sùn lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, eyín rẹ̀ bá rìn padà síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, pé eyín ń rìn. Dókítà ní òótọ́ ni, eyín kì í jókòó sójú kan títí èèyàn fi máa kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi lè to ti àgbàlagbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun wa ti le, tó sì máa ń pẹ́ ju ti ọmọdé lọ.

Ó wo ẹnu mi, ó béèrè bóyá aránṣọ ni mí. Ẹnu yà mí. Ó ní òwú ti gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí eyín náà. Ó tún béèrè nípa eyín ìyá mi, mo sọ fún un. Ó ní bóyá bí oúnjẹ ṣe ń há sáàárín àwọn eyín tó fún pọ̀ ló jẹ́ kí tiwọn bọ́, àti pé bí mo bá fi tèmi sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà lọ. Àmọ́ kò sí àyè tí gbogbo wọn yóò gbà tò. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò. Mo mọ èyí tó máa jẹ́, kó tó fi ìka kàn án.

Mo ní mò ń bọ̀, mo lọ, mi ò padà. Nígbà tí mo délé, mo da gbogbo fọ́tò ìyá mi sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí eyín wọn ti hàn. Ọwọ́ wà lórí ẹnu nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ètè sì pa dé nínú àwọn tó kù. Abẹ́rẹ́, ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń rí wọn ni inú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá ká ètè mi sókè. Láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń lọ wò wọ́n níbẹ̀. Ṣé kí n wá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá ẹni tó máa yọ wọ́n kúrò? Mo ní bó bá jẹ́ mímì ni eyín fẹ́ máa mì, kó máa mì.

Ọmọ mi ló yí mi lọ́kàn padà, kò sì mọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, eyín rẹ̀ tò régérégé, ti bàbá rẹ̀ ló jọ. Ayàwòrán kan wá ya fọ́tò wọn ní iléèwé, èmi náà sì lọ torí èmi ni mo rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wọn. Ayàwòrán pa wọ́n lẹ́rìn-ín, gbogbo ọmọ la ẹnu, tèmi gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì bo tirẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá mi ni mo rí, tí wọ́n dúró láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Ayàwòrán ní kó gbé ọwọ́ kúrò, pé kí ló dé tó fi ń fi irú eyín báyìí pamọ́. Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé òun ni kò mọ nǹkan, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé wa nìyẹn."

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Kò dùn mí nígbà tó ń yọ ọ́, ohùn rẹ̀ nínú egungun ni mo kàn gbọ́. Ó we eyín náà sínú òwú fún mi. Ó kéré, ó ti pọ́n díẹ̀, ojú ọ̀nà òwú wà létí rẹ̀. Inú agolo bọ́tìnnì ni mo fi sí. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ká ètè mi sókè níwájú dígí, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń wò mí. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sunkún bíi ti ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ já òwú, orí mi á yí fúnra rẹ̀, òwú á lọ sẹ́nu, kò sì ní sí ohun tó máa já a.

Lẹ́yìn tí ojú egbò rẹ̀ jinná, wọ́n lẹ wáyà mọ́ àwọn eyín tó kù. Ẹnu mi wú lọ́jọ́ náà, ètè mi wúwo, ahọ́n mi ń kọlu irin. Mo délé, mo bá ọmọ mi tó ń rún súìtì lẹ́nu. Mo ní kó tọ́jú eyín rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn o. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, ohùn ìyá mi ni, ní pẹrẹsẹ, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an. Mo di etí tábìlì mú. Mo ń retí kó lọ se ẹyin fún mi, tàbí kó wá wọ́ ẹ̀yìn mi.

Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní kí n tọ́jú kí ni? Ẹyin ni, àbí eyín, àbí ẹ̀yìn?"

Ohun tí àwa àgbà mẹ́ta kò lè bi ìyá mi léèrè, ọmọ yìí bi mí bí ẹni ń béèrè ibi tí ṣíbí wà. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún jáde bákan náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra, ó ń bọ̀ wá sí ẹnu. Mo gbá a mú lójú ọ̀nà, mo dì í mọ́ àyà mi, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, gbogbo irin ẹnu mi hàn síta. Bóyá eyín ni ìyá mi wí lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Bóyá ẹ̀yìn ni, kí a tọ́jú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Nígbà tí ọmọ náà tún bi mí pé èwo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mi orí fún un pé gbogbo rẹ̀ ni. Ó lọ fọ ẹnu.

Ohùn náà kò tíì lọ. Ó wá nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ òní, àmọ́ mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí o bá ráyè, bá mi kọ nípa ọjọ́ tí o rán ọrùn aṣọ oníbàárà pa, tí ọwọ́ ìyá mi méjèèjì dí fún aṣọ, tí wọ́n rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu. Kọ bí eyín náà ṣe rí lójú tìrẹ, má fi nǹkan kan sílẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá olórúnkún, kí wọ́n rọra máa gun àtẹ̀gùn.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí ẹnu tilẹ̀ yí padà,

Gorí.

(Kò sí eyín tó gorí eyín mọ́, àmọ́ jọ̀ọ́, má sọ mí ní orúkọ mìíràn.)