Àgbá Tí Mo Dá Ihò Sí

Ilé Adéyẹyè Oní-àgbá,
Ìlọ́fà.
Oṣù Kẹrin, 1986.

Oyèdìran ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le ní Ifẹ̀ tó o wà yẹn? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, àmọ́ omi ò tíì gbẹ lójú ẹ̀.

Jókòó kó o tó ka èyí. Fúnmilọ́lá, ọmọ Lazarus àbúrò mi, tó máa ń pè ọ́ ní Bùrọ̀dá, ti kú. Sátidé tó kọjá la sin ín.

O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà dé, àgbá òfìfo ni mo sì tà tí mo fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sẹ́ni tó mọ àgbá tó mi láti ibí dé Erúkù. Lẹ́yìn Kérésì, wọ́n já àwọn àgbá kan fún mi láti Èkó. Mo fọ̀ wọ́n títí, òórùn ò lọ. Mo bi dírẹ́bà léèrè ohun tó wà nínú wọn rí. Ó ní, "Bàbá, ta ló mọ̀? Ṣé ó ti pa èèyàn ni?" Mo ní, "Ẹni tó bá ní kò léwu ni kó fi hàn mí. Mi ò ní fi ẹnu ará ilé mi dán an wò." Mo fi ìṣó ńlá dá ihò sí ìdí gbogbo wọn, kẹ́nikẹ́ni má baà pọnmi sí i. Àwọn èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń ba ọjà ara mi jẹ́.

O mọ bí omi ṣe máa ń wọ́n wa kójò tó dé. Mo wà ní Ìlọrin nígbà tí Lazarus gbé ọ̀kan lẹ́yìnkùlé mi. Ó fi ọ̀dà dúdú dí ihò ẹ̀, ó gbé e sábẹ́ páànù de òjò àkọ́rọ̀. Leah ìyàwó ẹ̀ ní kó má ṣe é. Lazarus ní, "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò mọ̀ bóyá ó léwu." Òótọ́ ni. Mi ò mọ̀.

Nígbà tójò rọ̀, Fúnmilọ́lá mu nínú omi àgbá náà, ó sì bì títí. Ẹrọ̀fọ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé e lọ ọsibítù há sí, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí.

Wolé-wolé wá. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé àgbá ni, òun ò lè dí àwọn tó ń tà á ní Odò-Ọwá lọ́wọ́. Leah wò ó lójú, ó ní, "Ṣé ọmọ mìíràn lẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ni, sà?"

Òfin lò ń kọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ tà ni kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Kì í ṣe ìyá tó ti sin ọmọ.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. O ò ní fọwọ́ ara ẹ gbé ikú wọlé. Wàá dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Adéyẹyè.

Mo gbàgbé èyí. Lánàá, Lazarus fọwọ́ ara ẹ̀ ha ọ̀dà náà kúrò nídìí àgbá. Òjò dé. Àwa méjèèjì dúró sábẹ́ páànù, à ń wo omi bó ṣe ń jò lọ.