Kànga Tí Mo Gbẹ́ fún Màlúù

Èmi, Suara Àlàmú Dàwódù, ààfáà tí ó ń dúńbú ẹran ní Agége, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi ni kò dá, orí mi pé. Ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kí ó wá bi mí ní ìbéèrè kí n tó lọ. Lèmọ́mù Làsísì ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi.

Èkíní. Ilé mi tó wà lẹ́yìn ọjà ẹran, kí wọ́n pín in fún Tàíbátù ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi bí ṣẹ̀ríà ṣe là á sílẹ̀.

Èkejì. Àwọn ewúrẹ́ inú ọgbà, ti Tàíbátù ni; kí ẹnikẹ́ni má kà wọ́n mọ́ ogún. Ọ̀kan nínú wọn ló jẹ ìwé tí mo kọ nípa ewúrẹ́. Tàíbátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹran náà rí àṣìṣe níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí púpọ̀. Kí ẹ kà á sókè kí ó gbọ́.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀bẹ tí mo fi ń dúńbú, kí ó lọ sọ́wọ́ àwọn alápatà Agége. Kí wọ́n má ṣe pọ́n ọn lójú ẹran láéláé.

Ẹ̀kẹrin. Ìwádìí mi lórí ẹranko àti ẹ̀sìn: ohun tí mùsùlùmí sọ, ohun tí onígbàgbọ́ sọ, àti ìdí tí àwọn ìdílé kan kì í fi í jẹ ẹran kan. Mo ti fi ta Fàúsát ọmọ mi lọ́rẹ, torí òun nìkan ló máa ń bi mí pé kí ni mo rí.

Ẹ̀karùn-ún. Kànga àti ọpọ́n símẹ́ńtì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn màlúù tí Ádámù oníṣòwò ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wá láti Òkè Ọya máa ń sọ̀ kalẹ̀ tòùngbẹ-tòùngbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu omi. Nùréènì, àkọ́bí mi, fẹ́ tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé-iṣẹ́ lọ́nà Ìkejà. Ó ní ta ló ń fún ẹran tó ń lọ kú lómi? Nùréènì, ìwọ náà ń lọ kú, o sì ń jẹun lójoojúmọ́. Kànga yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ ṣẹ̀ríà láti fi ṣe sàárà. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹran títí ayé. A kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ pín in.

Ẹ̀kẹfà. Kọ́kọ́rọ́ kànga, Sànyà àbúrò mi ni kí ẹ fún. Ilé ìwé ló ti di onígbàgbọ́, olùkọ́ ìjọ sì ni lónìí, nítorí náà kò lè jogún mi. Ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ẹ̀sìn ti ní kí n má fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Gbogbo Agége mọ ìjà wa. Mo ní àwọn ẹran yóò dìde lọ́jọ́ ìdájọ́, wọn yóò sì gba ẹ̀tọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá ti kú, ó parí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé a kò bá ara wa jẹun mọ́, ì báà ṣe Iléyá, ì báà ṣe Kérésì. Síbẹ̀, láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń fa omi fún wọn láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bẹ̀ ẹ́.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn lórí ẹní. Sànyà, gbogbo omi tí mo fà, mo mọ̀ pé màlúù yóò jẹ́rìí mi lọ́run. Ìwọ kò retí ẹlẹ́rìí kankan, o sì ń fà á. Èmi ń wá èrè, ìwọ ń fún ẹran lómi. Ó dùn mí pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ èyí, inú mi sì dùn pẹ̀lú. Bí Nùréènì bá wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, fún un ní okùn àti garawa.

Mo buwọ́ lù ú ní Agége, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 1957.

Suara Àlàmú Dàwódù

Àwọn ẹlẹ́rìí: Ògúnjìmí Àlàbá, alápatà. Ádámù, oníṣòwò màlúù (ó tẹ̀ka).