Òṣùwọ̀n Tábìlì Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin
Òṣùwọ̀n tábìlì wa ń ṣe wèrè. A kò tíì gbé nǹkan kan lé e, ó ti ń ka gíráàmù méjì. A pe Bàbá Ìgò tó ń tọ́jú láàbù. Ó ká bébà pélébé, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n náà kan, ó ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́ta tí a jọ ń lo tábìlì kẹrin. Nínú ìròyìn iṣẹ́, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì: "faulty" àbí "damaged"? Èkejì dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Òun ni mo kọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Ọ̀gá láàbù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi lójú gbogbo kíláàsì. Ó ní "faulty" lè ti ara nǹkan wá, ṣùgbọ́n "damaged", ẹnìkan ló bà á jẹ́. Ta ni? Títí a ó fi jẹ́wọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní máàkì.

Jẹ́wọ́ kí ni? Bí a ṣe bá a nìyẹn! Inú ni mo ti sọ ọ́, mo gba ìwé mi padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Ẹnu-Abẹ, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́, ní ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀ mí rí, kí n má kí i mọ́. Ẹnì kẹta wa kò bú mi. Ó kàn ń nu ojú. Bí máàkì yìí bá lọ, yóò tún ọdún kìíní ṣe. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò. Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Òun ló tún wá ń bí mi nínú jù. Mo ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó dáa — ṣé bírò mi ló ba irin jẹ́?

Bàbá Ìgò sì dúró níbẹ̀ lọ́jọ́rú, ó ń nu ìgò, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àgbàyà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá
Màámi pè. Mo ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá
Mo lọ bá Bàbá Ìgò. Inú ń bí mi débi pé ìkíni mi kò délẹ̀. Mo bi í ìdí tó fi dákẹ́.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta jáde. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kọ ọ́ pé òṣùwọ̀n tábìlì kẹrin kò dára mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀gá láàbù fọwọ́ sí pé òun ti rí i.

Ó ní oṣù méjì ló kù kí òun fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù ló ba òun. Ó wò mí títí. "Máa mú wọn lọ, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bi ọ́, èmi ni mo fún ọ."

Ojú tì mí fún àgbàyà tí mo pè é. Mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ó ka lẹ́tà kìíní, ó ka èkejì. Kò ka ẹ̀kẹta. Ó rọra ní kí n kàn pa ọ̀rọ̀ mi dà sí "faulty", kí ó tán síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí wọ́n fi sùn yín lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ kò dá sí, ṣé 'neglected' kọ́ ni wọ́n ń pè é?"

Ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá níta, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. N kò tì í.